Ẹ Kọ Ìdí Rẹ̀ Síbẹ̀

“Ẹ máa bá a lọ.”

Ohun tí Ọ̀gá Àgbà sọ lórí ibùsùn kẹfà nìyẹn, kò sì lo ìṣẹ́jú kan kí ó tó kọjá sí ibùsùn keje. Ohun tó sọ lánàá náà nìyẹn. Ohun tó sọ níjẹta náà nìyẹn. Bó bá ti sọ ọ́ báyìí, nọ́ọ̀sì á mi orí, àwọn dókítà tó ń tẹ̀lé e lẹ́yìn á mi orí, ẹni tó kéré jù láàárín wọn á sì kọ ọ́ sínú fáìlì pé kí wọ́n máa fún aláìsàn ní oògùn apakòkòrò rẹ̀ lọ.

Ẹni tó kéré jù yẹn ni gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè ní Dókítà Kékeré. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Ó ti jáde ilé-ìwé ìṣègùn, ó ti búra iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ lo ọdún kan lábẹ́ àwọn ọ̀gá kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀ ìkẹyìn mọ́ ìwé rẹ̀ pé ó ti di dókítà tó lè dá dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí ọdún náà pé. Ọwọ́ Ọ̀gá Àgbà yìí gan-an ni òǹtẹ̀ ọ̀hún sì wà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ yìí, bó ṣe gbé bírò lé ìwé ni bàbá orí ibùsùn kẹfà fà á láṣọ. Bíríkìlà ni bàbá náà nígbà tí ara ṣì le, iṣẹ́ náà ni wọ́n sì fi ń pè é títí di òní.

“Dókítà mi,” ni Bàbá Bíríkìlà wí, “ìgbà mọ́kànlá ni mo ti lọ sí ilé ìgbẹ́ láti àná. Ibẹ̀ ni mò ń gbé báyìí o. Mo kàn ń wá kí ibùsùn yìí ni.”

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Dókítà Kékeré kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú bàbá náà tó ti jìn sínú, ó wo ètè rẹ̀ tó gbẹ, ó sì gbójú sókè.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà,” ni ó wí fún Ọ̀gá Àgbà, “ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí bàbá ti wà lórí oògùn yìí. Àrùn wo gan-an la fi ń wò?”

Ọ̀gá Àgbà yí padà díẹ̀díẹ̀.

“Bóyá kòkòrò àrùn wà níbẹ̀, bóyá kò sí. Oògùn yẹn lágbára, yóò pa ohun yòówù tó bá bá níbẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò ní àkísà bí àgbà. Kọ ọ́ kí a máa lọ.”

Ó kọ ọ́. Ojú ń tì í bó ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n parí àbẹ̀wò, ó gbé fáìlì Bàbá Bíríkìlà lọ sí yàrá kékeré tí àwọn dókítà ti máa ń sinmi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ti wà níbẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ohun tí ọ̀gá lè sọ tí kò ní fi “bẹ́ẹ̀ni sà” dáhùn. Wọ́n ní ọ̀gá kan sín lọ́jọ́ kan, ó sì fèsì pé, “Bẹ́ẹ̀ni sà.”

“Kí lò ń wá nínú fáìlì?” ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà bèèrè.

“Mò ń wá ẹni tó kọ oògùn yìí níbẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ bínú sí i dáadáa.”

Ó ṣí ìwé padà sẹ́yìn títí ó fi dé ọjọ́ kìíní. Ó rí oògùn náà. Ó rí ọwọ́ ìkọ̀wé náà, tó dà gẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń sáré. Ó jókòó.

Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni.

Ó wá rántí. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Wọ́n sáré gbé bàbá náà wọlé, kò lè mí dáadáa, ó ń wúkọ́. Aláìsàn mẹ́fà ló ń dúró dè é, kò sí ọ̀gá kankan nítòsí, ẹ̀rù sì ń bà á. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé bí ó bá jẹ́ òtútù àyà ńkọ́? Ló bá kọ oògùn apakòkòrò tó lágbára jù lọ nínú àpótí, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, àwòrán àyà fi hàn pé ọkàn bàbá náà ló rẹ̀, tí omi fi ń dúró sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn tó ń fa omi kúrò lára, èémí rẹ̀ sì já gaara. Àmọ́ kò sẹ́ni tó tún bèèrè pé kí ni oògùn àkọ́kọ́ ṣì ń ṣe níbẹ̀.

“Gbàgbé ẹ̀,” ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí. “Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Gba òǹtẹ̀ rẹ ná, lẹ́yìn náà kí o máa bèèrè ìbéèrè títí ilẹ̀ á fi ṣú.”

Dókítà Kékeré pa fáìlì dé, ó sì gba yàrá àyẹ̀wò lọ.

Obìnrin tó wà níbẹ̀ ti fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n yẹ kòkòrò àrùn wò, gbogbo òṣìṣẹ́ sì ń pè é ní Ìyá Kòkòrò. Ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

“Èsì ibùsùn kẹfà?” Ó fa ìwé kan yọ. “Ó ti wà ńlẹ̀ yìí láti ọjọ́ kẹrin. Ẹ̀yin lẹ ò wá mú un. Kò sí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò sí nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀.”

“Láti ọjọ́ kẹrin mà?”

“Ṣé ẹsẹ̀ ni kí n bá èsì wá ni? Wá wo nǹkan kan.”

Ó gbé àwo pẹlẹbẹ kan tí ó ti gbin kòkòrò àrùn sí síwájú rẹ̀. Bébà róbótó-róbótó mẹ́jọ ló wà lórí àwo náà.

“Oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lára bébà kọ̀ọ̀kan. Bí oògùn kan bá ṣiṣẹ́, kòkòrò ò ní lè sún mọ́ ọn, ààyè á ṣófo yí i ká. Fi ojú ara rẹ wá ààyè tó ṣófo níbẹ̀.”

Kò sí. Kòkòrò náà hù dé etí bébà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, bí koríko ṣe ń hù bo ẹnu ọ̀nà ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé.

“Egbò iṣẹ́ abẹ ìyá ọlọ́mọ kan ni mo ti mú un, ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin,” ni Ìyá Kòkòrò wí. “Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ẹ ń fún ẹni tí kò nílò oògùn ní oògùn. Èyí tí kò lágbára nínú kòkòrò á kú, olóríkunkun á ṣẹ́kù, olóríkunkun á sì bímọ. Ẹ ti sọ ara àwọn ènìyàn di ilé-ìwé fún wọn. Ẹ̀yin gan-an ni tíṣà wọn.”

“Báwo ni obìnrin náà báyìí mà?”

Ìyá Kòkòrò bo àwo náà.

“Wọ́n sin ín lánàá.”

Dókítà Kékeré mú ìwé èsì, ó padà sí wọ́ọ̀dù. Kò sáré, kò sì fà sẹ́yìn. Ó ṣí fáìlì Bàbá Bíríkìlà sórí tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì, ó fi bírò pupa fa ìlà lé oògùn náà lórí, ó kọ ìdí rẹ̀ sábẹ́, ó sì fọwọ́ sí i.

“Ṣé Ọ̀gá mọ̀?” ni nọ́ọ̀sì bèèrè.

“Wọn á mọ̀ lọ́la.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí àwọn ará ilé ń wá kí àwọn aláìsàn, ọmọbìnrin Bàbá Bíríkìlà dé. Tíṣà ni, ẹfun tó fi ń kọ pátákó ṣì wà lápá aṣọ rẹ̀.

“Wọ́n ní ẹ ti dá oògùn bàbá mi dúró,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. “Ṣé nítorí pé a ò lẹ́nìkan ní ibí yìí ni? Ká ní bàbá olówó kan ni, ṣé ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ sí i?”

“Ká ní bàbá tó bí mi ni, ohun tí màá ṣe náà nìyẹn mà. Ẹ jókòó.”

Ó ṣàlàyé fún un bí ọkàn bàbá náà ṣe rẹ̀, bí oògùn tó ń fa omi ṣe ń ràn án lọ́wọ́, àti bí oògùn kejì ṣe ń pa àwọn kòkòrò rere tó ń tún inú ènìyàn ṣe, tí bàbá fi ń yàgbẹ́ gbuuru.

“Ta ló wá kọ ọ́ fún un nígbà náà?”

Ibi tí ẹlòmíràn ti máa ń ti ẹ̀bi sórí ẹlòmíràn nìyẹn. Dókítà Kékeré mí kanlẹ̀.

“Èmi ni mà. Ọjọ́ tí wọ́n gbé wọn dé, n kò tíì mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Àṣìṣe mi ni pé n kò padà wá yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí mo mọ̀.”

Tíṣà náà wò ó lọ wò ó bọ̀. Kò tíì gbọ́ kí dókítà kankan sọ pé òun ṣàṣìṣe rí. Bàbá Bíríkìlà tó ti ń dibọ́n pé òun ń sùn wá lajú.

“Ògiri tó bá ń jò, a kì í kun ún lọ́dà,” ni ó wí fún ọmọ rẹ̀. “Ibi tí omi ń gbà wọlé là ń wá. Ọmọ yìí mọ ibi tí omi ń gbà. Fi í lọ́rùn sílẹ̀.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gá Àgbà dé ibùsùn kẹfà. Ó ti la ẹnu láti sọ èyí tó máa ń sọ kí ojú rẹ̀ tó bọ́ sórí ìlà pupa náà.

“Ta ló fa ìlà yìí?”

“Èmi ni sà.”

“Ta ló fún ọ láṣẹ?”

“Èsì àyẹ̀wò ni sà. Òun rèé.”

Ọ̀gá Àgbà kò wo ìwé náà. “Tún un kọ.”

Dókítà Kékeré ronú kan òǹtẹ̀. Ó ronú kan ìyá rẹ̀ tó fi ẹ̀rọ ìránṣọ tọ́ ọ títí ó fi gboyè. Ó sì ronú kan ìyá ọlọ́mọ tí kò mọ̀ rí, tó ti wà nínú ilẹ̀.

“Mi ò ní kọ ọ́ sà.”

“Kí lo wí?”

“Mo ní mi ò ní kọ ọ́. Ẹ̀yin lọ̀gá, ẹ lè fọwọ́ ara yín kọ ọ́ padà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀ sà.”

Ó fi ọwọ́ méjèèjì na bírò sí i. Ọ̀gá Àgbà kò gba bírò. Ó yíjú sí Bẹ́ẹ̀ni-Sà.

“Ìwọ! Kọ ọ́.”

“Bẹ́ẹ̀ni sà.” Ó gba fáìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Nígbà tó dé ìdajì, bírò rẹ̀ dúró. “Kí ni kí n kọ sí ìdí rẹ̀ sà?”

Kò fi ṣe àfojúdi rárá, ó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́ ni. Ẹnìkan lórí ibùsùn kẹjọ wúkọ́ kí wọ́n má baà gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà já fáìlì gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ sórí ibùsùn.

“Kí ibà má mú ọkùnrin yìí o,” ni ó wí fún Dókítà Kékeré. “Bó bá mú un, ọrùn rẹ ló wà.”

Ibà náà sì dé ní ọjọ́ kẹta, bí ẹni pé wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ìgbẹ́ gbuuru ti ń dáwọ́ dúró, bàbá ti ń jẹun, ṣùgbọ́n nígbà tó di agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò, ó sì ń gbọ̀n. Gbogbo ojú wọ́ọ̀dù yí sí Dókítà Kékeré. Tíṣà dé, ó rí bàbá rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún.

“Mo gbà yín gbọ́,” ni ó wí. “Bí bàbá mi bá kú, ‘mo gbà yín gbọ́’ ló máa pa á.”

Ìlà kan péré ni bírò lè fà kí gbogbo rẹ̀ parí. Kí ó tún oògùn náà kọ, kò sẹ́ni tí yóò bá a wí mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí fáìlì. Ó gbé e kúrò níbẹ̀, ó fi kan ara bàbá náà, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú yanrìn. Ó gbọ́ ìró àyà rẹ̀, ó mọ́. Ó tẹ inú rẹ̀, ó rọ̀. Nígbà tó tú báńdéèjì apá òsì rẹ̀, ó rí i: abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa oògùn náà sí i lára ṣì wà nínú iṣan láti ọjọ́ tó ti dé. Iṣan náà ti pọ́n, ó wú, ó sì le bí okùn.

Ó yọ ọ́. Ó gba ẹ̀jẹ̀, ó gbé e fún Ìyá Kòkòrò fúnra rẹ̀, ó sì fi aṣọ gbígbóná di apá náà. Ó ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Àgbà. Èsì tó gbà kò ju gbólóhùn kan lọ: “Ìwọ lo mọ̀ ọ́n ṣe.”

“Ẹ gbọ́ mi mà,” ni ó wí fún tíṣà. “Bí kòkòrò bá jáde nínú ẹ̀jẹ̀ yìí, tàbí bí agbára wọn bá ń rẹlẹ̀ sí i, èmi ni màá kọ́kọ́ kọ oògùn fún wọn, èyí tó bá a mu. N kò bá oògùn jà. Mò ń bá ìwà ‘bóyá’ jà ni. Ní báyìí, mi ò kúrò níbí.”

Kò kúrò níbẹ̀ lóòótọ́. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ló ń wọn ìgbóná ara bàbá, tó ń ka mímí rẹ̀, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó di agogo méjì, ìgbóná náà kò tíì lọ, ṣùgbọ́n kò pọ̀ sí i. Ní agogo mẹ́rin, ó ń lọ sílẹ̀. Ní agogo márùn-ún, Bàbá Bíríkìlà bèèrè omi, ó mu ún tán, ó sì ní, “Ẹ̀yin méjèèjì tí ẹ jókòó tì mí bí ẹni tó ń ṣọ́ sìmẹ́ǹtì tútù, ẹ ò ní ilé ni?”

Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó sì tún sunkún. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, Ìyá Kòkòrò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé èsì wá sí wọ́ọ̀dù. Kò sí kòkòrò. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, Bàbá Bíríkìlà rìn jáde láì di ẹnikẹ́ni mú.

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé wọ́n wá gbé Dókítà Kékeré gẹ̀gẹ̀ kò mọ bí ilé iṣẹ́ ṣe rí. Ọ̀gá Àgbà kọ̀wé pé alágídí ni, pé kò ní ìbọ̀wọ̀ fún àgbà. Wọ́n pè é síwájú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún nídìí tábìlì gígùn kan. Alága wọn fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀.

“Ọmọ mi, kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ kan. Sọ pé o jẹ̀bi àfojúdi, pé o kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Òǹtẹ̀ rẹ á jáde lọ́la.”

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ. Píìnì ìránṣọ wà lẹ́nu ìyá rẹ̀, ó ń fetí sí àlàyé rẹ̀, ó ń fi wọ́n gún etí aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ṣé o bú u?”

“Rárá mà.”

“Ṣé o purọ́ mọ́ ọn?”

“Rárá mà. Ó kàn ní n kò ní àkísà bí àgbà.”

“Àkísà?” Ìyá rẹ̀ yọ píìnì tó kù lẹ́nu. “Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń ránṣọ, n kò tíì rí ẹni tó kó àkísà wá fi yangàn.” Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà. “Mo fẹ́ òǹtẹ̀ yẹn o, ọmọ mi. Mo ti fi ọdún méje retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ irọ́ lo máa kọ kí wọ́n tó lù ú, orí irọ́ náà ni wọ́n máa lù ú sí.”

Dókítà Kékeré kọ lẹ́tà. Ó kọ ọ́ pé: “Mo jẹ̀bi ohun kan. Èmi ni mo kọ oògùn náà ní ọjọ́ kìíní, n kò sì padà wá bèèrè ìdí rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ. Mo tọrọ àforíjì fún èyí. N kò tọrọ àforíjì pé mo dá a dúró.” Ó so àkọsílẹ̀ Ìyá Kòkòrò mọ́ ọn: aláìsàn mẹ́rìnlélógójì tí èsì wọn ti jáde lọ́dún náà tí ẹnikẹ́ni kò wá gbà, tí oògùn wọn sì ń lọ bẹ́ẹ̀.

Ìgbìmọ̀ kà á. Ìpinnu wọn pín sí méjì. Wọ́n ní kí ó lo oṣù mẹ́ta sí i ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé kí wọ́n tó fún un ní òǹtẹ̀, nítorí pé ó kọ̀ láti tẹ̀lé àṣẹ. Wọ́n sì tún pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, kò gbọdọ̀ sí dókítà, àgbà tàbí ọmọdé, tí yóò kọ oògùn apakòkòrò láìkọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì tún un yẹ̀ wò bó bá di ọjọ́ kẹta. Èyí tó kọ́kọ́ jáde dùn ún wọ egungun. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba òǹtẹ̀ tiwọn, wọ́n ya fọ́tò, òun sì ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Bẹ́ẹ̀ni-Sà nìkan ló jáde kúrò nínú fọ́tò náà láti wá dì mọ́ ọn.

Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, ó pàdé Ọ̀gá Àgbà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkùnrin náà dúró.

“Ṣé o ti kọ́ ẹ̀kọ́ báyìí?”

“Mo ti kọ́ ọ sà,” ni Dókítà Kékeré dáhùn, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lójú ọ̀gá náà. “Láti ìsinsìnyí lọ, ọjọ́ kẹta ni màá ti máa bèèrè. N kò ní dúró di ọjọ́ kẹsàn-án mọ́.”

Ó kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì kọjá lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá bèèrè ìdí ọ̀rọ̀ ló rí àgbà fín. A lè bọ̀wọ̀ fún ènìyàn, kí a má sì bá a ṣe ohun tí kò tọ́. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ibi tí ọwọ́ tiyín wà nínú àṣìṣe náà, lẹ́yìn èyí kí ẹ dúró lórí òtítọ́. Ó lè gba nǹkan lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kó gbà á.